Ilẹ̀ Tí Wọ́n Ní Kò Lólúwa: Ọ̀rọ̀ Lórí Bí Àbújá Ṣe Di Olú-Ìlú

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ti tẹrí ba fóònù láti ìgbà tí mo ti dìde, mo kí gbogbo yín o. Ẹ kú ìjókòó. Akọ̀wé ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ ju ogójì ìṣẹ́jú lọ, torí pé àwọn tó ń se oúnjẹ ti ro àmàlà tán. Mo ti gbọ́. Bí ẹ bá rí i pé mo ń pẹ́ jù, ẹ húkọ́.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló bí ọ̀rọ̀ òní. Ní ìpàdé wa ti ọdún tó kọjá, nínú gbọ̀ngàn yìí náà ní Kubwa, ní Àbújá níbí, à ń jiyàn lórí ibi tí a máa kọ́ ilé ẹgbẹ́ sí. Arákùnrin wa kan dìde, ó ní: “Ẹ jẹ́ ká fọkàn balẹ̀ kọ́lé wa síhìn-ín. Àbújá ò ní onílé. Ilẹ̀ tí kò lólúwa ni, gbogbo wa la jọ dé síbẹ̀.” A pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo bá aládùúgbò mi níwájú ilé rẹ̀. Gbagyi ni, ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ yìí, ó jù mí lọ ní ọdún mélòó kan. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń ki èèkù tuntun bọ ọkọ́ rẹ̀. Mo kí i ní Haúsá bí a ṣe máa ń kíra wa, ó dá mi lóhùn, ó bi mí pé báwo ni ìpàdé. Ojú tì mí, n kò sì lè sọ ohun tó ń tì mí lójú fún un. Nígbà tí ìgbìmọ̀ wá ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìtàn ìlú yìí, mo ní ẹ ṣeun, mo ti ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Ibí yìí kọ́ ni Àbújá tẹ́lẹ̀. Bí ẹ bá gba ọ̀nà Kàdúná jáde, tí ẹ kọjá Zuba, tí ẹ kọjá Madalla àti àpáta Zuma tó wà lára ọgọ́rùn-ún náírà, ẹ máa dé Suleja. Òun gan-an ni Àbújá. Nígbà tí jìhádì Usman dan Fodio bẹ̀rẹ̀ ní 1804, tí Zaria bọ́ sọ́wọ́ àwọn Fúlàní, ọba Haúsá tó wà lórí oyè níbẹ̀, Muhammadu Makau, kó àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n sá wá sí apá gúúsù, sáàárín àwọn Gbagyi àti àwọn Koro. Nígbà tó yá, àbúrò rẹ̀ Abu Ja jọba. Òun ló tẹ ìlú náà dó ní 1828. Abu ni orúkọ rẹ̀. Pupa ni “ja” ní Haúsá, wọ́n ní ọkùnrin náà pupa. Bí a ṣe ń sọ ọ́ ládùúgbò wa náà nìyẹn, Bọ́lá Pupa, Bọ́lá Dúdú. Títí di òní, ọba Suleja ṣì ń jẹ́ Sarkin Zazzau, ìyẹn ọba Zaria. Wọ́n kúrò nílé, wọn ò kúrò lórí oyè.

Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀yọ́ tó wà níbí, ǹjẹ́ ìtàn yẹn ò jọ ohun tí ẹ mọ̀? Ogun kan náà, tó gba Ìlọrin kọjá, ló tú Ọ̀yọ́-Ilé láàárín ọdún 1830 sí 1840, tí Aláàfin Àtìbà fi lọ tẹ̀dó sí Àgọ́ Ọ̀jà, tó ní Ọ̀yọ́ ni ibẹ̀ ń jẹ́ láti òní lọ. Ọba tí wọ́n lé láti Zaria àti ọba tí ogun lé láti Ọ̀yọ́-Ilé ṣe ohun kan náà láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá síra wọn: wọ́n gbé olú-ìlú wọn lé orí bí ẹni gbé ẹní, wọ́n lọ tẹ́ ẹ síbòmíràn. Nítorí náà, ẹni tó bá ní Ọbásanjọ́ àti Murtala ló kọ́kọ́ kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń gbé olú-ìlú kiri, kò gbọ́ ìtàn ilé bàbá rẹ̀. Àwọn Òyìnbó pàápàá ṣe é. Lugard bẹ̀rẹ̀ ìjọba Àríwá ní Lọ́kọ́jà ní 1900, ó kó lọ sí Zungeru, wọ́n tún kó o lọ sí Kàdúná. Zungeru tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn ni wọ́n bí Azikiwe sí ní 1904.

Nígbà tí ìjọba wá fẹ́ orúkọ fún olú-ìlú tuntun, wọ́n mú orúkọ ìlú Abu Ja. Ìlú àtijọ́ ní láti wá orúkọ mìíràn, wọ́n sì sọ ọ́ ní Suleja, láti ara orúkọ Suleimanu Barau tó wà lórí ìtẹ́ nígbà náà. Ẹ rò ó wò ná. Ohun àkọ́kọ́ tí a gbà lọ́wọ́ agbègbè yìí, orúkọ ni.

Kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ kúrò ní Èkó? Ẹ̀yin tí ẹ gbé Èkó ní àwọn ọdún 1970 ò nílò kí n sọ fún yín. Èkó ti wà lọ́wọ́ Òyìnbó láti 1861, ó di olú-ìlú Nàìjíríà ní 1914, wọ́n yọ ọ́ kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn ní 1954, ó tún di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Èkó ní 1967 láìsọ ẹrù ti ìjọba àpapọ̀ kalẹ̀. Ìjọba méjì ń dùbúlẹ̀ lórí ẹní kan. Ogun abẹ́lé parí, owó epo wọlé, gbogbo ayé sì rọ́ wá. Ní 1975, sìmẹ́ńtì tí ìjọba rà láti òkè òkun, nǹkan bí 20 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù, wá dí èbúté pa. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi tò sórí òkun, wọ́n ń retí àyè, sìmẹ́ńtì sì ń di òkúta nínú wọn. Lórí ilẹ̀ ńkọ́? Lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n ṣòfin pé ọkọ̀ tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, mẹ́ta, márùn-ún kò gbọdọ̀ jáde lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú èyí tó jẹ́ méjì, mẹ́rin, mẹ́fà. Kí làwọn olówó ṣe? Wọ́n ra ọkọ̀ kejì. Ọ̀gá wa kan lẹ́nu iṣẹ́ ní méjì, ó sì máa ń gbéra ga sí wa lórí èyí tó bá gbé jáde.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1975, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí Murtala Muhammed gbàjọba, ó gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje kalẹ̀ pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ká kúrò ní Èkó, àti pé bí a bá máa kúrò, ibo là ń lọ. Adájọ́ Akinọlá Àgúdà, ọmọ Àkúrẹ́, ni alága. Táí Ṣólàrín ti Ìkẹ́nnẹ́, olùdásílẹ̀ iléèwé Mayflower, wà níbẹ̀. Monsignor Pedro Martins, àlùfáà àwọn sọ́jà, wà níbẹ̀, Ajato Gandonu náà wà níbẹ̀. Àwọn yòókù ni Muhammed Musa Isma, Owen Fiebai àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ogan. Nígbà tí àwọn kan láàárín wa bá ń sọ pé ará Òkè Ọya ló gbé olú-ìlú kúrò lọ́wọ́ Yorùbá, ẹ ka orúkọ wọ̀nyẹn fún wọn. Ẹni tó sì kọ́kọ́ darí iṣẹ́ kíkọ́ ìlú yìí, láti 1976 dé 1979, Mobọ́lájí Ajọsẹ̀-Adéògún ni. Ọmọ Èkó.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí bí ìgbìmọ̀ náà ṣe yan ibí yìí, torí pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Wọn ò fi ẹnu lásán yàn án. Wọ́n to nǹkan mẹ́tàlá sílẹ̀, wọ́n sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní máàkì, bí olùkọ́ ṣe ń pín máàkì ìdánwò. Kí ibẹ̀ wà láàárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè, 22. Ìlera àti ojú ọjọ́, 12. Ilẹ̀ tó tó lò, 10, omi, 10. Ọ̀nà tó ṣeé gbà wọ̀ ọ́ láti ibi gbogbo, 7. Ààbò 6, ohun èlò ìkọ́lé 6, kí èèyàn ibẹ̀ má pọ̀ 6. Iná mànàmáná, ìṣàn omi, irú erùpẹ̀, bó ṣe máa rọrùn láti ya ìlú, wọ́n pín ìyẹn náà ní márùn-ún márùn-ún, mẹ́rin mẹ́rin. Kí àwọn ẹ̀yà lè jọ gbà pé ti gbogbo wa ni? Mẹ́ta péré. Mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún! Ohun tí gbogbo wa ń kà sí ìdí pàtàkì, pé ilẹ̀ tí kì í ṣe ti Haúsá, ti Yorùbá tàbí ti Ìgbò ni, òun ló gba máàkì tó kéré jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo èyí tó gba mẹ́fà yẹn dáadáa: kí èèyàn ibẹ̀ má pọ̀. Kí wọ́n má pọ̀, ìyẹn ni pé èèyàn wà níbẹ̀.

Ìgbìmọ̀ parí iṣẹ́ ní oṣù kejìlá ọdún náà. Ní 3 oṣù kejì ọdún 1976, Murtala sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ọjọ́ yẹn kan náà ló sọ ìpínlẹ̀ 12 di 19, tí Ìwọ̀-Oòrùn fi pín sí Ògùn, Oǹdó àti Ọ̀yọ́. Bí ẹ̀yin ọmọ Ògùn bá ń ṣọjọ́ ìbí ìpínlẹ̀ yín, ọjọ́ ìbí Àbújá náà ni. Ìbejì ni yín, ó kàn jẹ́ pé èyí tó jáde kẹ́yìn ló jogún ilé. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 13 oṣù kejì, wọ́n yìnbọn pa Murtala nínú Mercedes rẹ̀ ní Ìkòyí, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Èkó, nígbà tó ń lọ sẹ́nu iṣẹ́. Ọkọ̀ náà ṣì wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Oníkan. Ẹ lọ wò ó nígbà míràn tí ẹ bá délé.

Òfin kẹfà ọdún 1976 ni wọ́n fi gba ilẹ̀ náà. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 8,000 níbùú lóròó, ó ju ìlọ́po méjì gbogbo Ìpínlẹ̀ Èkó lọ. Èyí tó pọ̀ jù wá láti Niger, wọ́n bù díẹ̀ lára Plateau, wọ́n tún bù díẹ̀ lára Kwara. Gbogbo rẹ̀ di ti ìjọba àpapọ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 tí à ń bú nílé, gómìnà ló gbé ilẹ̀ lé lọ́wọ́, ó sì ní kó fi pamọ́ fún àwọn èèyàn. Níbí, kò sí gómìnà. Abala 297 nínú ìwé òfin 1999 tún un sọ: ilẹ̀ Àbújá, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Ààrẹ ló ń yan mínísítà sí i.

Mo fẹ́ kí ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí yé yín, ó sì tọ́ kí n sọ bó ṣe yé èmi fúnra mi. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́wàá tí mo dé ìlú yìí, mo ra ilẹ̀ kan ní ẹ̀bá ìgboro. Mo bá báálẹ̀ abúlé náà jókòó, mo fún un ní obì, mo san owó, wọ́n fún mi ní ìwé tí wọ́n lù ní òǹtẹ̀. Mo mọ fẹ́ǹsì, mo ri géètì mọ́ ọn. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, mo rí i tí wọ́n ti fi ọ̀dà pupa kọ àmì sí i lára, ó tóbi tó ilẹ̀kùn. Mo gbé ìwé mi, mo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ tú u wò níwájú, ó tú u wò lẹ́yìn. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ta ilẹ̀ yìí fún yín?”

Mo ní, “Onílẹ̀ ni.”

Ó ní, “Onílẹ̀ wo?”

Kì í ṣe pé ó ń fi mí ṣẹ̀sín o. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Ṣé ẹ mọ ọmọ onílẹ̀ ní Èkó àti Ògùn? Ẹni tó máa gba owó ìpìlẹ̀, tó máa gba owó òrùlé, tí ìwọ tí o ní ìwé gbogbo lọ́wọ́ á tún máa bẹ̀? Mo wá rí ìlú tó jẹ́ pé onílẹ̀ gan-an ni wọ́n ń bi pé ta ni ọ́. Àwọn katapíla dé lẹ́yìn oṣù méjì. Owó mi bọ́, ṣùgbọ́n mo ní abúlé mìíràn tí mo ti wá, mo ní ilé bàbá mi. Báálẹ̀ tí mo bá jẹ obì yẹn, ibẹ̀ náà ni ilé bàbá tirẹ̀.

Ta wá ni wọ́n? Gbagyi ló pọ̀ jù, àwọn tí Haúsá ń pè ní Gwari. Koro wà níbẹ̀, Gade, Gwandara, Bassa, Ganagana, Ebira pàápàá wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ ni wọ́n, oníṣu, ọlọ́kà bàbà. Wọ́n mọ ìkòkò. Bí ẹ bá ṣì rí ogún náírà lọ́wọ́, ẹ yí i sẹ́yìn: obìnrin tó ń mọ ìkòkò níbẹ̀, Ladi Kwali ni. Láti Kwali ló ti wá, ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà tí a ní níbí báyìí. Òyìnbó kan, Michael Cardew, dá ilé ìkọ́ṣẹ́ amọ̀kòkò sílẹ̀ ní Àbújá àtijọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Ladi Kwali darapọ̀ mọ́ ọn, ìkòkò rẹ̀ sì dé London àti Amẹ́ríkà nígbà tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa kò tíì mọ̀ pé ibi kan ń jẹ́ Àbújá. Ó kú ní 1984.

Ẹ ti rí bí àwọn obìnrin wọn ṣe ń ru igi? Èjìká ni, kì í ṣe orí. Wọ́n ní orí lọba ara, kò yẹ kéèyàn di ẹrù lé ọba. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo rẹ́rìn-ín. Àwa tí à ń bọ orí, tí à ń kì í, àwa náà la ń gbé garawa omi lé e láti kékeré.

Àwọn tó ṣètò ìlú yìí ní 1976 fẹ́ kó gbogbo wọn kúrò, kí wọ́n san owó fún wọn, kí wọ́n kọ́ ilé fún wọn ní ìpínlẹ̀ tó yí wa ká. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé kí ilẹ̀ náà mọ́, kí ẹ̀yà kankan má lè sọ pé òun ló ni olú-ìlú. Nígbà tí wọ́n wá kà wọ́n, wọ́n rí i pé wọ́n pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ, owó náà ò ní ṣeé san. Ní 1978, lábẹ́ ìjọba Ọbásanjọ́, wọ́n yí i padà: ẹni tó bá fẹ́ lọ kó lọ, ẹni tó bá fẹ́ dúró kó dúró, àwọn tó wà lójú ibi tí a máa kọ́lé sí nìkan ló gbọ́dọ̀ ṣípò. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Wuse kan fi lọ tẹ Sabon Wuse dó lọ́nà Kàdúná. Wuse tuntun ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn náà gbé orúkọ ìlú wọn lọ́wọ́ bí Àtìbà. Wọ́n kó àwọn mìíràn wá síbí, sí Kubwa. Ẹ má gbàgbé pé àwọn tí ilé wọn wà lójú Maitama àti àwọn àdúgbò olówó wọ̀nyẹn wà lára àwọn tó ṣáájú wa dé Kubwa yìí. Ní Garki, abúlé àtijọ́ ṣì wà láàárín ilé gogoro títí di òní. Ẹ wọ inú rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan, ẹ ra masà, ẹ wò ó.

Àwòrán ìlú, tí gbogbo èèyàn ń pè ní master plan, iléeṣẹ́ mẹ́ta láti Amẹ́ríkà ló jọ yà á, wọ́n gbé e wá ní 1979. Ará Japan kan, Kenzo Tange, ló ṣe ti àárín ìlú. Òun náà ló ṣe ọgbà ìrántí ní Hiroshima níbi tí bọ́ǹbù bọ́ sí. Wọ́n mú àpáta Aso ṣe ẹ̀yìn, wọ́n na ìlú bí òṣùpá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Wọ́n ní ní ọdún 2000, èèyàn mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ó lé díẹ̀ ni yóò máa gbé ibẹ̀, kò sì yẹ kó ju mílíọ̀nù mẹ́ta àti díẹ̀ lọ láé. Mo gbà fún wọn nínú nǹkan kan: wọ́n la ọ̀nà kí wọ́n tó kọ́lé. Ní Èkó, ilé là ń kọ́, ọ̀nà á wá máa wá ibi tó máa gbà. Ṣùgbọ́n àwòrán náà kò ní àyè fún ẹni tó máa gbá ilẹ̀ ọ́fíìsì, ẹni tó máa ro àmàlà, ẹni tó máa tún táyà ṣe. Nyanya tí wọ́n ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ kún, ó ya wọ Mararaba tó jẹ́ ilẹ̀ Nasarawa. Ẹ gba ibẹ̀ wọlé ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá a ti kúrò ní Èkó.

Shagari fi ìkánjú kọ́ ọ, Buhari dẹ ọwọ́ díẹ̀ torí owó, Babangida tún mú un le. Ní 22 oṣù kẹrin ọdún 1990, àwọn sọ́jà Orkar tó fẹ́ gbàjọba yìnbọn wọ Dodan Barracks, ibùjókòó olórí ìjọba ní Èkó, mọ́ Babangida lórí. Láti ìgbà yẹn, ojú ọkùnrin náà ti wà lára àpáta Aso. Ní oṣù kẹfà 1991, àwọn olórí Áfíríkà wá ṣèpàdé níbí. Ní 12 oṣù kejìlá 1991, Babangida kó ìjọba dé.

Èmi dé ní 1992. Wọ́n gbé iléeṣẹ́ wa wá, wọ́n ní ẹni tí kò bá tẹ̀ lé wọn kó gba ìwé ìfẹ̀yìntì. Wọ́n fún mi ní yàrá kan àti pálọ̀ ní Area 3, Garki. Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè mi là. Kò sí ariwo kankan lóru, n kò sì lè sùn, torí pé kò sí ilé Èkó tí mo gbé rí tí jẹnẹrétọ̀ tàbí ìwàásù tàbí ìjà tọkọtaya kì í kọrin fún mi. Tó bá di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ Èkó á ti kún, ti Kàdúná á ti kún, ìlú á wá dá páro títí di òwúrọ̀ Ajé. Obìnrin ará Ìṣẹ́yìn kan ló ń se àmàlà lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Area 1, kò kọ nǹkan kan síta. Bí o bá dé lẹ́yìn aago méjì, gbẹ̀gìrì ti tán, ewédú nìkan lo máa bá. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ gbólóhùn yẹn, “ilẹ̀ tí kò lólúwa.” Ó tù wá nínú. Ẹni tó jìnnà sílé fẹ́ kó jẹ́ pé gbogbo èèyàn ló jìnnà sílé.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sí Èkó, torí pé àwa gan-an kọ́ ló yẹ kó máa sọ bẹ́ẹ̀. Ní 1913, ìjọba Òyìnbó gba ilẹ̀ ní Àpápá. Wọ́n ní ilẹ̀ ìjọba ni, pé Ọba Dòsùnmú ti fi gbogbo Èkó tọrẹ ní 1861. Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, ọ̀kan nínú àwọn Ìdéjọ onífìlà funfun, ìyẹn àwọn olóyè tó ni ilẹ̀ Èkó, ní irọ́ ni. Ó ní ilẹ̀ kì í ṣe ti ọba kó tó fi tọrẹ, ti ẹbí ni. Bí àwa Yorùbá ṣe gbà á náà nìyẹn: ti òkú, ti alààyè, ti ẹni tí a ò tíì bí. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé London, Herbert Macaulay bá Olúwa lọ ní 1920, ó mú ọ̀pá àṣẹ Elékòó, ọba Èkó, dání. Ní 1921, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dá Olúwa láre: ìjọba lè gba ilẹ̀ fún ìlò ìlú, ṣùgbọ́n onílẹ̀ ni onílẹ̀, kí wọ́n sì san owó fún ẹbí gẹ́gẹ́ bí onílẹ̀. Ìran wa ló ja ìjà yẹn. “Gedegbe l'Èkó wà” tí à ń sọ, ibi tó ti ń gba agbára nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wakọ̀ ní ìgboro, ẹ mọ Herbert Macaulay Way. Ó gba Wuse kọjá. Wọ́n fi orúkọ ọkùnrin tó bá onílẹ̀ Àpápá dé London sọ ọ̀nà tó gorí ilẹ̀ àwọn tí wọ́n kó lọ sí Sabon Wuse. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó yan orúkọ náà kò kàn rò ó débẹ̀ ni. Ẹ wo àwọn òpópónà yòókù: Wuse, orúkọ ìlú Áfíríkà ni, Accra, Lome, Mombasa. Maitama, odò ni: Mississippi, Danube, Nile. Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá tiwa wà ní Wuse 2, Akíntọ́lá wà ní Garki, Awólọ́wọ̀ wà ní apá Utako. Gbogbo ayé ló ní òpópónà. Gbagyi ní orúkọ àdúgbò, ìyẹn ni ohun tó ṣẹ́ kù tí wọn ò lè fi katapíla gbé.

Mo ti ń gbọ́ ikọ́ lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mo ti ń parí. Àwọn kan máa ní, bàbá, kí lẹ fẹ́ ká ṣe, ṣé ká kó ẹrù ni? Rárá o. Ọmọ mi mẹ́rin ni wọ́n bí síbí, wọn ò mọ ọ̀nà Èkó dáadáa. Ilé ẹgbẹ́ wa, ẹ jẹ́ ká kọ́ ọ. Mo kàn fẹ́ kí ìgbìmọ̀ tó ń wá ilẹ̀ lọ kí àwọn àgbà Gbagyi àdúgbò yìí kí wọ́n tó lọ sí ọ́fíìsì èyíkéyìí, kí wọ́n mú obì dání, kí wọ́n sì jókòó. Mi ò ní kí wọ́n lọ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn o, mo ti sọ bí tèmi ṣe rí fún yín.

Lóṣù méjì sẹ́yìn, aládùúgbò mi tó ń ki èèkù bọ ọkọ́ yẹn ní kí n gbé òun lọ yẹ ojú wò ní ìgboro. Nígbà tí à ń padà bọ̀, mo gba Maitama. Ó ti ń sọ̀rọ̀ bọ̀, ló bá dákẹ́. Kò wo ọ̀nà, kò wo ilé kankan. Àwọn òkè tó wà níwájú ló ń wò, ó ń yí orí díẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń wá ibi tí wọ́n máa bá ara wọn mu. Ó na ọwọ́. “Nan,” ó ní. Níhìn-ín. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n sin bàbá òun sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kan. Fẹ́ǹsì gíga ló wà níbẹ̀, wáyà iná wà lórí rẹ̀, géètì dúdú, kò sí igi. Mo rọra ya sẹ́bàá ọ̀nà, mo tan iná tí à ń tàn bí ọkọ̀ bá dúró. Mo bi í bóyá ó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Kò tíì dá mi lóhùn tí ọmọ sẹ̀kíọ́rítì kan fi ti inú géètì jáde, ó tẹ̀ síbi fèrèsé ọkọ̀, ó kí wa dáadáa, ó sì béèrè lọ́wọ́ bàbá náà ní Haúsá pé ta ni wọ́n wá bá níbí.